Ohun Tí Ojú Ń Sọ

Láàrin ọdún 1775 sí 1778, Johann Caspar Lavater, àlùfáà kan ní ìlú Zurich, tẹ ìwé jáde pé ìrísí imú, iwájú orí àti àgbọ̀n a máa fi ìwà ẹni hàn. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yúróòpù tẹ́wọ́ gba èrò yìí. Nínú Jane Eyre ti Charlotte Brontë (1847), Rochester múra bí arúgbó aláfọ̀ṣẹ. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ Jane, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni ó ń kà.

Ìwé ìtàn àròsọ kò tíì sí ní èdè Yorùbá nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá pẹ̀lú ń ka ojú. Ohun tí olóòlà kọ síbẹ̀ ni wọ́n ń kà: àbàjà, kẹ́kẹ́, pélé. Ilà kì í sọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ìlú àti ìdílé ni ó ń sọ. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ya àwòrán wọn sínú rẹ̀.

Ọ̀ràn ẹ̀mí ni èyí ní agbègbè Ọ̀tan Ayégbajú. Nígbà ogun Kírìjì, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, Ìgbájọ tí kò jìnnà sí Ọ̀tan ni àwọn Ìbàdàn tẹ̀dó sí. Ilà lè mú kí ará ilé dá ẹni tí a kó lẹ́rú mọ̀, kí wọ́n sì rà á padà; ilà kan náà lè tú àṣírí ìsáǹsá fún ọ̀tá.

Láti 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé “alábàjà” nínú ìtàn àròsọ Yorùbá lónìí lè rò pé ẹwà lásán ni òǹkọ̀wé ń ṣàpèjúwe.