Ta Ló Ń San Owó Ọ̀fẹ́? Ìtàn Ẹ̀kọ́ láti Ọdún 1955 dé Kíláàsì Orí Fóònù

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n kọ nǹkan nípa àwọn ohun èlò ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí tíṣà lè fi bá ọmọ àti òbí sọ̀rọ̀, tó lè fi to iṣẹ́ kíláàsì, tó sì lè fi ṣe ìdánwò. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn ni mo sì kà ní yunifásítì. Nítorí náà, ọ̀nà ìtàn ni n óò gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: nígbà tí wọ́n bá ní nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́, ta ló ń san owó rẹ̀? Àwa ará Warri a máa dápàárá pé ní Freetown pàápàá, nǹkan ọ̀fẹ́ kò sí.

Ẹ̀KỌ́ Ọ̀FẸ́ TI 1955

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí Warri rò pé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta nìkan ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìgbà Awólọ́wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí wọ́n dá Ẹkùn Mid-West sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn ni Warri wà. Ètò tó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwé fún ọmọ Òṣogbo náà ló ṣí i fún ọmọ Warri, ìbáà ṣe ọmọ Yorùbá, ọmọ Itsekiri, ọmọ Urhobo tàbí ọmọ Ijaw.

Ní oṣù keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ẹkùn náà. Nígbà tó di 1955, wọ́n ti lé ní 811,000.

Ta ló san owó náà? Owó tó ń wọlé láti ara kòkó wà níbẹ̀. Owó orí náà wà níbẹ̀, nítorí ìjọba bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn ọkùnrin lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ NCNC ló borí Action Group ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn níbẹ̀, owó orí yìí sì wà lára ohun tó fà á. Òbí náà san tirẹ̀: ó ra aṣọ ilé ìwé, ó sì pàdánù ọwọ́ ọmọ tó ń bá a ṣe iṣẹ́ oko tàbí tó ń bá a kiri ọjà. Ọ̀fẹ́ ni a pè é, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ru ẹrù rẹ̀ kí ọmọ lè kàwé. Ìdí nìyẹn tí ó fi kẹ́sẹ járí.

OHUN TÍ KÒ DÉ Ọ̀DỌ̀ GBOGBO ÈÈYÀN

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára ìdí tí ìjọba fi dá a sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò san owó kí àwòrán tó gba inú afẹ́fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ilé ìwé tí kò ní ẹ̀rọ tí kò sì ní iná kò rí nǹkan kan wò.

Ní 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari dá National Open University sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè máa kàwé láti ilé wọn. Ní 1984, ìjọba ológun tì í pa. Ó di ẹ̀yìn ọdún 2000, ní ìgbà Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, kí wọ́n tó jí i dìde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

LÁTI ORÍ RẸ́JÍSÍTÀ DÓRÍ FÓÒNÙ

Nígbà tí èmi wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ń fi lẹ́tà rán sí òbí. Rẹ́jísítà ni tíṣà fi ń mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Tíṣà a máa fi bíírò pupa maaki ìwé wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àtùpà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Bí ilé ìwé bá tì, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Nígbà tí àlàáfíà ìlú wa dàrú ní 1997, àti nígbà tó tún dàrú ní 2003, ọmọ tó sá kúrò ní àdúgbò rẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀ náà. Ní 2003 yẹn, fóònù GSM kò tíì ju ọdún méjì lọ ní Nàìjíríà, ó sì wọ́n gan-an.

Ẹ wo ìyàtọ̀ nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020. Wọ́n ti ilé ìwé ní oṣù kẹta. Ìdánwò WAEC tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin di ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n àwọn tíṣà kan kò jókòó lásán. Wọ́n ń fi nóòtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn mìíràn lo Google Classroom, tó jáde ní 2014, tí ẹnikẹ́ni tó ní ímeèlì Google sì lè ṣí láti 2017. Ibẹ̀ ni tíṣà ń to iṣẹ́ sí, tó ń kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà, tó sì ń rí ẹni tó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é. Google Forms ń maaki ìbéèrè tí ọmọ kàn ní láti mú ìdáhùn nínú rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Tíṣà tó ní ọgọ́ta ọmọ mọ ìrọ̀rùn tó wà nínú ìyẹn. Ohun rere ni, n kò ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ata ní ọjà Igbudu. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wọn, òun ló sì ń gbé e lọ sọ́jà kí àwọn oníbàárà lè rí i pè. Tíṣà a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ pé kó padà kí aago méjìlá tó lù. Aago méje alẹ́ ni ìyá ń wọlé. Nígbà tí èsì jáde, òdo ló kún iwájú orúkọ ọmọbìnrin náà. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ilé ìwé, mo sì kọ ọ́. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé ẹ̀rọ ló ka máàkì, kì í ṣe àwọn, àti pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí àwọn lò, àwọn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ yẹn mọ ìṣirò. Èmi fúnra mi bi í léèrè, ó sì dáhùn. Síbẹ̀ ó tún kíláàsì náà kà fún odidi ọdún kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló san owó ọ̀fẹ́ yẹn? Ọmọ náà ló san án. Ní 1955, àgbà ló ru ẹrù. Ní 2020, a gbé e lé ọmọ lórí.

OHUN ẸLÒMÍRÀN KÌ Í ṢE TẸNI

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ Open University. Ohun tí a kò ni, ẹni tó ni ín lè tì í nígbàkigbà. Ní 2008, wọ́n dá Edmodo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kíláàsì ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí tíṣà káàkiri ayé lò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n tì í pa. Tíṣà tí kò da máàkì rẹ̀ kọ síbòmíràn ṣáájú ọjọ́ náà ti sọ ọ́ nù.

Ẹ̀rọ náà lè ṣàṣìṣe. Láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ inú ètò náà, wọ́n sì ní kí nǹkan bí 380,000 ọmọ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti gúúsù ìlà oòrùn tún ìdánwò wọn ṣe. Nítorí náà, "ẹ̀rọ ló kà á" kì í ṣe ìdáhùn.

ÀBÁ MI FÚN ẸGBẸ́

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Sátidé fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì máa fi fóònù ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ní àbá mẹ́rin.

Èkíní, kí a tó fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́, kí a ka iye ọmọ tí kò ní fóònù nílé, àti aago tí fóònù ń wọlé. Kí a fún iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta.

Èkejì, ọ̀rọ̀ kíkọ ni kí a máa fi ránṣẹ́ jù, nítorí fídíò ń jẹ dátà. Zoom ọ̀fẹ́ náà kì í kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ya owó dátà sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù wa, kí ẹni tó bá ní fóònù tí kò lò mọ́ sì mú un wá. Owó orí tiwa nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, kí a ní rẹ́jísítà oníwèé, kí a máa da gbogbo máàkì kọ sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní iṣẹ́ ìjọba, wọ́n kọ́ wa pé ohun tí kò sí nínú fáìlì kò ṣẹlẹ̀ rárá. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òkè òkun lọ́la, orúkọ ọmọ wa kò ní bá a lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn tó ṣáájú wa kùn nítorí ṣílè mẹ́wàá àti sísì, ṣùgbọ́n wọ́n san án. Ẹ jẹ́ kí àwa náà san tiwa. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú.