Ọdún Tí Gìtá Ké Tantan l'Ékòó

Ẹ bi ọ̀dọ́ kan ní Ajah lónìí pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe orin, àdúgbò tirẹ̀ gan-an ni yóò nawọ́ sí. Irọ́ kọ́ ló pa. Láti Lẹ́kkí títí dé Sangotedo, àìmọye yàrá ni wọ́n ti fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, tí ọmọkùnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí ó ń lu ìlù tí kò fọwọ́ kàn, tí ó ń ta gìtá tí kò ní okùn. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Orin tó bá parí lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

Nǹkan iyì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àkísà tí mo fẹ́ tú wò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí ni ti ọdún 1973, ọdún tí orin rọ́ọ̀kì gbóná janjan l'Ékòó.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò sí ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìgbà tí Alhaji Jakande di gómìnà, lẹ́yìn ọdún 1979, ni wọ́n tó la ọ̀nà ńlá yẹn. Bí ènìyàn bá ti kọjá Maroko, iyanrìn, àbàtà, igi àgbọn àti abúlé àwọn apẹja ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gìtá oníná ní láti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, nítorí pé níbi tí a ń pè ní ìlú orin lónìí, ohùn òkun ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

A kò tíì bí èmi tí mò ń kọ èyí. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún tí rọ́ọ̀kì fi gbilẹ̀ nílẹ̀ wa, 1973 ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fara balẹ̀, kí n ka ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Nígbà ogun náà, ọ̀pọ̀ olórin hailáìfù tó jẹ́ ará ìlà-oòrùn ti fi Èkó sílẹ̀ lọ sílé wọn, hailáìfù sì ti rẹ̀ sílẹ̀. Jùjú ń gòkè bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ń fẹ́ nǹkan tiwọn. Beatles, Jimi Hendrix àti James Brown ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò àti lórí àwo. Wọ́n wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàǹgbà, wọ́n dá irun sí, wọ́n ní àwọn náà yóò ta gìtá.

Ìṣòro ńlá kan wà. Gìtá oníná àti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, owó ńlá ni. Nítorí náà, olówó kan tàbí ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ló máa ń ra ohun èlò, tí yóò kó àwọn ọmọ jọ láti máa fi ṣiṣẹ́ fún un. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, á kó ohun èlò rẹ̀, ẹgbẹ́ olórin á sì tú ká lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe àwo, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bí EMI, Decca àti Philips ló ní ẹ̀rọ, àwọn náà ló ní ọjà. Kí olórin dá dúró ní àyè ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó le ni. Òun sì ni kókó gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ràn ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, a fi pọ́n-ùn sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Láàárín oṣù kan náà, gbogbo Áfíríkà péjọ sí pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè fún ìdíje eré ìdárayá. Ìlú ń yọ̀. Inú ayọ̀ yìí ni Ginger Baker, òyìnbó onílù tó ti lókìkí nínú ẹgbẹ́ Cream, ṣí ilé ìgbohùn-sílẹ̀ tirẹ̀ sí Ìkẹjà. Ọkùnrin yìí ti wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa ní 1971, ó sì ti bá Fẹlá ṣe àwo. Ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà kì í ṣe ti EMI, kì í ṣe ti Decca. Òótọ́ ni pé òyìnbó náà ló ni ín, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé olórin lè ní ilé ìgbohùn-sílẹ̀ tirẹ̀.

Ìkejì ni àwo tí ẹgbẹ́ BLO pe orúkọ rẹ̀ ní Chapter One. Ọkùnrin mẹ́ta péré ni wọ́n: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins tó ń lu ìlù, àti Gbenga Odumosu, tí wọ́n tún ń pè ní Mike, tó ń ta gìtá olóhùn ńlá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Berkley àti Laolu, pẹ̀lú ti Odumosu, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Wọ́n ti bá Baker rin ìrìn-àjò nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Salt ní 1972, níbi tí àwọn ìbejì nnì, Taiwo àti Kehinde Lijadu, ti kọrin. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí padà dé, wọ́n ní àwọn kò ní sin olówó kankan mọ́. Kò sí fèrè, kò sí ọ̀wọ́ akọrin lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ orin wọn kún bí òkun. Ẹni tó bá sọ pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe ti wa, kó fetí sí ọwọ́ Laolu lórí ìlù, yóò gbọ́ ilé níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé Laolu Akins yìí jìnnà sí yín. Òun ni olùdarí àwo Ace tí Shina Peters fi gba ìgboro ní 1989. Gbogbo ẹni tó jó ijó Afro-juju, díẹ̀ lára ọdún 1973 wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìkẹta ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Gregory's, ní Obalende, àwọn ọmọ iléèwé kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ofege. Melvin Ukachi ni aṣáájú wọn. Ìgbà tí ẹgbẹ́ wọn ń mú ìwé dání láti ka ẹ̀kọ́ ìdánwò, àwọn ń fa okùn gìtá. Odion Iruoje, ọ̀gá tó ń darí ìgbohùn-sílẹ̀ fún EMI, tó ti bá Fẹlá náà ṣiṣẹ́, gbọ́ ohùn wọn, kò sì fi wọ́n ṣeré ọmọdé. Ó kó wọn wọ sítúdíò, ohun tó sì tibẹ̀ jáde ni Try and Love. Orin ọ̀dọ́ pọ́ńbélé ni: ìfẹ́, àníyàn, àti ìbéèrè pé irú ayé wo nìyí. Bí ọwọ́ bá ṣàṣìṣe díẹ̀, ọkàn kò ṣàṣìṣe. Àwọn ọmọ tí àwọn òbí ń fẹ́ kó di lọ́yà àti dókítà, wọ́n fi yunifọ́ọ̀mù wọ inú ìtàn.

Ìkẹrin, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹjọ, Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìrìn-àjò kù díẹ̀, nítorí náà mẹ́ta ni àwọn náà kù, bíi BLO. Ó ti rò pé oòrùn ni yóò máa yá. Òjò ló bá pàdé. Sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, ní Apapa, kò ní ohun èlò tó bí ó ti rò. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn adigunjalè yọ ọ̀bẹ sí wọn, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí orin tuntun rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó di dandan kí ó rántí àwọn orin náà látorí.

Lẹ́yìn náà ni ti Fẹlá. Ó kéde pé òyìnbó yìí wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó ni. McCartney, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, pe Fẹlá wá sí sítúdíò, ó sì gbé orin rẹ̀ sí i kó lè gbọ́ pé kò sí ohun Áfíríkà kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì tún sọ pé nígbà tí òun lọ gbọ́ Fẹlá ní Shrine, omi bọ́ lójú òun, nítorí orin náà ga ju ohun tí òun rí rí lọ. Ọdún yẹn kan náà ni Fẹlá gbé Gentleman jáde, nínú èyí tó fi ń fi àwọn tó ń wọ kóòtù òyìnbó nínú oòrùn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìkarùn-ún jẹ́ àsọdùn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí McCartney padà sílé láti parí àwo rẹ̀, Band on the Run, ó wá ẹni tí yóò lu ìlù sí orin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ "Bluebird". Remi Kabaka ló rí, ó sì di Lọ́ńdọ̀nù kó tó mọ̀ pé Èkó ni ọkùnrin náà ti wá. Ohun tí Fẹlá lé e kúrò nídìí rẹ̀ l'Ápápá, òun ló tún lọ pàdé rẹ̀ ní ìlú òyìnbó!

Àwo náà jáde ní oṣù kejìlá, ó sì tà káàkiri ayé. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá, ogun bẹ́ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, nígbà tí ọdún yóò fi yí, owó epo rọ̀bì ti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ara epo rọ̀bì ni ike tí a fi ń tẹ àwo ti ń wá, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú òyìnbó ń ké pé àwo wọ́n. Nílẹ̀ tiwa, epo mú owó wá. Nígbà tí owó Údójì dé, ìgboro kún fún ẹ̀rọ sítẹ́rìò tuntun. Ṣùgbọ́n aráàlú tó lówó lọ́wọ́, orin tó ń kì í lórúkọ ló ń fẹ́. Jùjú borí, disíkò wọlé, fújì tẹ̀ lé e. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, iná rọ́ọ̀kì ti ń jó lọ sílẹ̀.

Àwọn àjèjì ló tún un dá. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ìlú òyìnbó kó orin wọ̀nyí jọ sínú àwo kan. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Now-Again l'Ámẹ́ríkà tẹ òmíràn, Uchenna Ikonne tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló sì kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó ń fi owó gọbọi wá àwo Ofege tí wọ́n ń tà ní náírà díẹ̀ l'Ékòó nígbà kan. Àwọn ìbejì Lijadu fi ọ̀pọ̀ ọdún pariwo pé èrè orin àwọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́. Kehinde kú ní 2019. Ó di 2024 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwo wọn gbé jáde pẹ̀lú ìfọwọ́sí Taiwo tó kù lẹ́yìn.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Olè tí Fẹlá ń wá lẹ́rù McCartney kò sí níbẹ̀. Inú ìwé àdéhùn tí ọmọdé fọwọ́ sí láìkà á ló sá pamọ́ sí, àti inú àpótí tí téèpù bà jẹ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ onígìtá sí lára.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọkùnrin inú yàrá fóòmù ní Ajah. Ohun tí BLO ń wá kiri, ìwọ ti ní in: ohun èlò tìrẹ, yàrá tìrẹ, ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ aráyé. Ka ìwé kí o tó fọwọ́ sí i. Kọ orúkọ ẹni tó bá ọ lu ìlù sílẹ̀. Tọ́jú orin rẹ sí ibi méjì. Àádọ́ta ọdún ń bọ̀, ẹnì kan yóò sì béèrè ta ló ni ohùn yìí.