Awò

Awò ni ohunkóhun tó ń ran ojú lọ́wọ́ láti ríran. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe "wò" ló ti jáde, bí "asẹ́" ti jáde lára "sẹ́". Ẹ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀ o: awo ni ohun ìkọ̀kọ̀, àwo ni a fi ń jẹun. Awò ojú ń bẹ, awò awọ̀nàjíjìn ń bẹ, awò sì ni ojú kámẹ́rà tí àwọn ayàwòrán ń pè ní lẹ́ǹsì.

Nígbà tí mo padà sídìí fọ́tò yíyà lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ló tọ́ mi sọ́nà. Kámẹ́rà ni mo ń wá kiri, awò ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ rò. Kámẹ́rà tètè ń di ti àtijọ́, àmọ́ awò tó dáa lè bá ènìyàn kalẹ́. Awò 50mm tí ẹnu rẹ̀ ṣí dé f/1.8 kì í sábà wọ́n, ó sì ń ríran nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Lórí kámẹ́rà APS-C, irú èyí tí ojú agbàwòrán inú rẹ̀ kéré sí ti full-frame, á máa ríran bí awò 75mm sí 80mm, ìyẹn sì dára fún àwòrán ojú ènìyàn.

Bó bá jẹ́ àlòkù awò lẹ fẹ́ rà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn, ó ti bu nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, awò sì ni ojú kámẹ́rà.