Ẹ̀yin tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà, ẹ má ra mẹ́mórì yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Ẹni tó bá dé Computer Village, n'Ìkẹjà, tó sì ní òun fẹ́ ra RAM, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé gígì mélòó ló fẹ́. Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Irú èyí tí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà rẹ gbà ló yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀.

DDR4 tó dé ọjà lọ́dún 2014 àti DDR5 tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fi pààrọ̀ ara wọn. Ẹsẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ 288 ni wọ́n ní, gígùn wọn sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá fi tipátipá tì í wọlé yóò ba ihò bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ ni. Bọ́ọ̀dù AM5 tí iléeṣẹ́ AMD gbé jáde lọ́dún 2022, DDR5 nìkan ló gbà. Ti Intel ìran kejìlá sí ìkẹrìnlá ló máa ń da èèyàn láàmú, nítorí òmíràn gba DDR4, òmíràn sì gba DDR5.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ẹyọ kan lónìí, wọ́n á ní bí owó bá dé, àwọn yóò ra ìkejì. A kò lè bá wọn wí, pàápàá bí owó mẹ́mórì ṣe fò sókè kárí ayé ní ìparí ọdún 2025, nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ibùdó ẹ̀rọ AI ń rà á lọ ràì. Ṣùgbọ́n méjì tí wọ́n dì sínú páálí kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ ti dán wò pọ̀. Èyí téèyàn rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí orúkọ ara wọn tilẹ̀ bára mu, ohun tó wà nínú wọn lè yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn yóò bára ṣiṣẹ́ ní eré tí wọ́n kọ sí wọn lára. Kọ̀ǹpútà á wá máa kú lójijì, á sì gbé iṣẹ́ téèyàn kò tíì fi pamọ́ lọ.

Ẹyọ méjì 16 gígì sì sàn ju ẹyọ kan 32 lọ, torí ọ̀nà méjì ni ìsọfúnni yóò máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ìhà ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù fẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà CL dẹ́rù bà yín. Ẹ fi 2,000 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi eré mẹ́mórì náà pín in: DDR4-3200 CL16 jẹ́ nanosecond 10, DDR5-6000 CL30 náà jẹ́ 10. Ní ti iná aláràbarà tó ń tàn lára òmíràn, ojú ló wà fún.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ wọ BIOS, kí ẹ tan XMP tàbí EXPO. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ó lè má sá eré tí ẹ sanwó fún. Kẹ́ ẹ wá fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú, kí ọjọ́ tí ọlọ́jà fún yín láti dá a padà tó pé.