Títa Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Tó Ṣófo

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kó kúrò nínú ọ́fíìsì kan, tàbí tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló kù tó ń lò ó, ìjọba lè gbé ilé náà sọ́jà. Wọ́n lè lù ú ní gbàǹjo, wọ́n lè ní kí àwọn tó fẹ́ rà á mú tẹ́ńdà wá, wọ́n sì lè má ta á pátápátá, kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní líìsì ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó ṣófo kò dẹ́kun owó jíjẹ. Ọlọ́dẹ ń gbowó oṣù, òrùlé ń jò, páìpù ń dípẹtà. Owó tó ń bọ́ lójoojúmọ́ yìí ló sábà máa ń ti ìjọba débi títà, ju èrè tí wọ́n ń retí lọ.

Ní Nàìjíríà, kíkúrò tí olú-ìlú kúrò ní Èkó ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Lọ́dún 1976, lábẹ́ Murtala Muhammed, ni òfin tó sọ Àbújá di olú-ìlú jáde, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 kí Ibrahim Babangida tó kó ìjọba lọ síbẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 náà ni wọ́n kọ́ Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Alágbọn Close, Ìkòyí. Èyí túmọ̀ sí pé ilé ńlá náà kò tíì gbó rárá nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gba àdúgbò yẹn kọjá lẹ́yìn náà yóò rí ilé gogoro tí wíńdò rẹ̀ ti fọ́, tí òjò ti sọ kọnkéré rẹ̀ di dúdú, tí koríko hù yí i ká, lórí ilẹ̀ tó wà lára èyí tó wọ́n jù lọ ní Nàìjíríà. Ó dunni. Owó ará ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Lábẹ́ ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni títà náà gbóná. Wọ́n ta 1004, àwọn ilé gbígbé tó wà ní Victoria Island, fún ilé-iṣẹ́ UPDC. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní láti kó jáde, ilé-iṣẹ́ náà tún ilé ṣe, ó sì ta fúláàtì rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2006, wọ́n ta Sẹkitéríàtì Ìkòyí fún Resort International Limited ní bílíọ̀nù 7 náírà. Ilé-iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ ọ́ di fúláàtì olówó ńlá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ sì dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Inú òfin ni gbòǹgbò ìjà náà wà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n abala 49 rẹ̀ yọ ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ti ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Èkó láre pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, Àbújá lè gbowó lórí ilé tó wà ní Ìkòyí, síbẹ̀ Èkó ni yóò sọ bóyá ọ́fíìsì náà lè di ilé gbígbé. Lójú tèmi, ìdí kan nìyí tí ọ̀nà fi là fún 1004: ilé gbígbé ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ilé gbígbé náà ló sì ń jẹ́ lọ. Ẹni tó ra Sẹkitéríàtì ra ilé, kò rí àṣẹ rà mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta sì ni ìdájọ́ yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbowó rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, wọ́n rí oríṣi méjèèjì, èyí tó yọrí sí rere àti èyí tó dá ariwo sílẹ̀. Ọ́fíìsì Ogun àtijọ́ ní Whitehall, Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n kọ́ parí ní 1906, bọ́ sọ́wọ́ ìdílé oníṣòwò Hinduja àti alábàáṣe wọn lọ́dún 2014 lórí líìsì 250 ọdún, ní iye owó tó lé ní mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn, ó sì di òtẹ́ẹ̀lì ní 2023. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2001, àwọn agbowó-orí àti kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbé bí 600 ilé, èyí tí wọ́n ní àti èyí tí wọ́n háyà, lé ilé-iṣẹ́ Mapeley lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn sì di ayálégbé ibẹ̀ fún 20 ọdún. Lẹ́yìn náà ni ariwo ta pé Bermuda, níbi tí wọ́n ti ń sá fún owó-orí, ni wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba àwọn ilé náà sílẹ̀. Àwọn tó ń gba owó-orí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ló ṣe èyí, ìtìjú gbáà ni.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ nípasẹ̀ òfin 2016 láti máa tọ́ka sí ilé tó yẹ kí ìjọba tà. Lọ́dún 2023, àwọn olùṣàyẹ̀wò Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì rí i pé nínú 24 ilé-iṣẹ́ ìjọba, 17 ni kò lo ju ìdá kan nínú mẹ́rin àyè olú-ilé-iṣẹ́ wọn lọ. Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba gbé orúkọ ilé tó lé ní 400 jáde pé àwọn lè tà wọ́n, wọ́n sì yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò láìpẹ́. Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni òfin McKinney ti 1987: kí wọ́n tó ta ilé ìjọba àpapọ̀ tó ṣófo, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìnílé.

Ilé ìjọba tó ṣófo ṣì wà ní Èkó. Kí àwọn aṣòfin wa jókòó ti Òfin Lílo Ilẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí ohun tí ilé kan lè dà kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.