Òfin Tí Ó Sọ Aṣálẹ̀ Di Ilẹ̀ Ọlọ́ràá

Àwọn kan gbà pé ibi tí òfin bá ti wọlé ni ìmọ̀ ti ń sá jáde. Ìtàn àwọn tí ń fi rédíò ṣe àṣenajú ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ó tó di ọdún 1912, ọmọdé tí ó bá mọ ẹ̀rọ tò lè jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ kí ó máa tẹ àmì Morse sí òfurufú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ń ráhùn pé ariwo wọn kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ara àwọn. Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún náà, tí ènìyàn tí ó ju 1,500 lọ sì kú, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, òfin jáde: kí olúkúlùkù gba ìwé àṣẹ, kí aláṣenajú má sì ṣe lo ìgbì tí ó gùn ju mítà 200 lọ.

Ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà náà ni pé bí ìgbì bá ti gùn tó ni yóò ti rìn jìnnà tó. Nítorí náà, ìgbì kúkúrú tí wọ́n jù sí àwọn aláṣenajú dà bí egungun tí a jù sí ajá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní oko mìíràn, èyí tí ó ní ni yóò ro. Ní ọdún 1914 Hiram Percy Maxim bá wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ara wọn láti ìlú dé ìlú. Ogun pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní 1917; wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1919. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Fred Schnell ní Amẹ́ríkà àti Léon Deloy ní Nice, ilẹ̀ Faransé, bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá òkun Àtìláńtíìkì lórí ìgbì tí ó tó nǹkan bí mítà 100. Àṣé òkè òfurufú a máa dá ìgbì kúkúrú padà sí ilẹ̀ ọ̀nà jíjìn!

Kíá ni ìjọba àti àwọn oníṣòwò sáré sí oko tí wọ́n ti kọ̀. Ní àpérò Washington ọdún 1927, àwọn orílẹ̀-èdè pín òfurufú, wọ́n sì fi ààyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún aláṣenajú, pẹ̀lú àdéhùn pé èdè tí ó yé gbogbo ènìyàn ni kí ó máa sọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kí ó má fi àṣírí pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo bí ayé ti ń yí. Ìwé àṣẹ tí ó dà bí ìdè ní 1912 ni ó di ẹ̀rí pé wọ́n ní ìpín ní 1927. Ẹni tí òfin kò mọ orúkọ rẹ̀, ta ni yóò bù fún un lọ́jọ́ tí a bá ń pín ogún?