Òrùka àti Ìpẹ̀kun Ẹ̀wọ̀n
Ní ọdún 1979 ni Su, Schrieffer àti Heeger ṣàlàyé polyacetylene, ẹ̀wọ̀n átọ́ọ̀mù tí ìdè kan gùn, tí èkejì kúrú: ìbádọ́gba ti bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ a máa so orí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí òrùka kí wọ́n tó ṣírò. Ohun tí òrùka bá sọ ni wọ́n fi ń mọ ìpẹ̀kun. Ní 1996, Hatano àti Nelson gbé ẹ̀wọ̀n kan kalẹ̀, nínú èyí tí fífò sí ọ̀tún lágbára ju fífò sí òsì lọ. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú, nǹkan kékeré sì kọ́. Yao àti Wang fi hàn ní 2018 pé bí a bá já irú òrùka bẹ́ẹ̀, ìgbì tó tàn ká àárín a wọ́ jọ sí ìpẹ̀kun kan bí omi àgbàrá. Òrùka kò lè jẹ́rìí fún ẹ̀wọ̀n mọ́. Ìpẹ̀kun gan-an ni wọ́n wá fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.